Ohun Tí Ẹni Tó Wẹ Òkú Rí

Lọ́yà Òkú ni wọ́n ń pè mí ní Ìkòtún. Kì í ṣe ojú mi ni wọ́n ti ń pè é o. Níwájú mi, Àǹtí Lọ́yà ni. Àmọ́ ọkùnrin tó ń ta bátìrì mọ́tò nísàlẹ̀ ọ́fíìsì mi kì í rẹ ohùn sílẹ̀ tó bá ń júwe ọ̀nà fún àlejò: "Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ yìí gòkè, ẹ ó rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, Lọ́yà Òkú wà níbẹ̀." Ó máa ń bí mi nínú nígbà kan. Nígbà tó yá, mo ní kò burú, ó ṣáà ń júwe mi dáadáa.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn. Bí ẹnì kan bá kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá, tàbí tó kú ikú tí kò yé ẹnikẹ́ni, òfin Èkó ní kí adájọ́ kan jókòó, kó wádìí ẹni tó kú, ibi tó kú sí, ìgbà tó kú àti ohun tó pa á. Èmi ni mo máa ń dúró fún ẹbí òkú níbẹ̀. Kóòtù yẹn kì í rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n, òótọ́ nìkan ló ń wá. Kọ́rónà ni orúkọ tí òyìnbó sọ adájọ́ náà, àmọ́ láti ìgbà tí àrùn ọjọ́sí ti jà kárí ayé, mi ò jẹ́ pe orúkọ yẹn sétí oníbàárà mọ́. Ìyá arúgbó kan fi ìborùn bo imú nígbà tí mo pè é.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Alímọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ilẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń tà á sì pọ̀ jù ú lọ. Ilẹ̀ kan náà lè ní olówó mẹ́ta kí oòrùn tó wọ̀. Ibẹ̀ lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀ kì í ṣe ìtàn ńlá: wọ́n gbé ẹjọ́ òkú kan wá, mo ṣe é, wọ́n tún gbé òmíràn wá, ó di èmi náà nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ torí híjáàbù rẹ̀ á wá, tàbí ọkùnrin tí wọn ò gbà síṣẹ́ torí pé ó ń tiro. Inú mi máa ń dùn sí irú wọn, torí wọ́n wà láàyè. Wọ́n lè padà wá kí mi.

Mo ti lọ́kọ rí. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó sọ lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ ni pé òun ò lè máa bá òkú jẹun mọ́, pé bí òun bá ti bu òkèlè báyìí, màá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹni tí wọ́n bá nínú sẹ́ẹ̀lì. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá gbé nílé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ilé náà tóbi jù fún mi, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun láìsọ̀rọ̀.

Ìyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wá bá mi lẹ́yìn ọdún Iléyá kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń rán híjáàbù àti aṣọ ọmọ ilé kéú ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọjà Ìkòtún. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Ìgandó, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

Ọmọ náà ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kó o pẹ̀lú àwọn mìíràn létí títì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n wá gbé òkú rẹ̀. Wọ́n ní olè ni, pé ọkọ̀ ń sáré lọ ló bẹ́ sílẹ̀, tó fi orí gbálẹ̀. Àwọn tí wọ́n lè mú kí èèyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí ìwé pélébé kan, lọ́jọ́ yẹn wọn ò fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò. Wọ́n tilẹ̀ bá ẹbí wá ọkọ̀ tó gbé òkú délé. Mo máa ń bẹ̀rù ọlọ́pàá tó bá ń ṣe èèyàn jẹ́jẹ́.

Mùsùlùmí ni wọ́n, òkú Mùsùlùmí kì í sì í sùn sílẹ̀. Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Wọn ò ṣí ojú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Wọn ò sì fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn án, torí nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ.

Ohun tí ìyá náà ń wá kò ju ẹyọ kan lọ. Ó jókòó síwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú, ó sì sọ ọ́ láìsunkún. "Ọlọ́run ló fún mi, òun náà ló gbà á, mi ò bá a jà. Àmọ́ ọmọ mi kì í ṣe olè, kò sì pa ara rẹ̀. Mo fẹ́ kí adájọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ayé gbọ́."

Ó ṣàlàyé pé àwọn oníbàárà òun ti ń gba aṣọ wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò bá a jà. Wọ́n kàn ń sọ pé kó má ṣèyọnu, àwọn ti rí ẹlòmíràn rán an. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun wọ aṣọ tí ìyá olè rán lọ sílé kéú?

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ara òkú fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Dókítà kankan kò tíì yẹ òkú yìí wò kí wọ́n tó sin ín, mo sì sọ fún un pé a lè bẹ kóòtù kí wọ́n hú u jáde. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú ọmọ mi síta, lọ́yà mi. Ó ti ń sinmi."

Mi ò tún sọ̀rọ̀ híhú òkú mọ́. Mo gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú adájọ́ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ lágbára láti pa á láṣẹ fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ní òun á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ẹlẹ́rìí ná. Níbo wá ni ẹlẹ́rìí wà? Àwọn tí wọ́n jọ kó lọ́jọ́ yẹn ti fọ́n ká, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọlọ́pàá tún rí ojú òun lẹ́ẹ̀kejì. Mo bi ìyá náà bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni tó rí ọmọ náà lẹ́yìn tó kú.

Ó ní ọkọ òun ló wẹ̀ ẹ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń pè bẹ́ẹ̀, bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe. Bíríkìlà ni ọkùnrin náà, ààfáà sì ni. Ó wà lára àwọn tó ń wẹ òkú ní mọ́sálásí àdúgbò wọn. Ó ní látọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà, kò jẹ oúnjẹ òun mọ́, pé tó bá ń kí òun, ilẹ̀ ló máa ń wò.

"Ó rí nǹkan," ni ìyá náà wí.

Mo lọ bá ọkùnrin náà ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Ó gbé àga fún mi lábẹ́ igi, òun dúró. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán pátá kó tó fèsì. Ó ní òun ti wẹ òkú tí òun ò lè rántí iye rẹ̀ mọ́. Òun ti rí egbò, òun ti rí àpá, òun ti rí ohun tí ìyàwó olóògbé gan-an ò mọ̀ pé ó wà lára ọkọ òun, òun ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó òun. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Òkú ò lè fa aṣọ bo ara rẹ̀, ẹni tó bá wẹ̀ ẹ́ ló ń bá a bò ó, tó bá wá jáde lọ ròyìn ohun tó rí, ó dà bí ẹni tó bọ́ olóògbé síhòòhò láàárín ọjà.

"Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ, lọ́yà."

Inú bí mi. Mo ní kóòtù lè fipá pè é. Ó ní kò burú, òun á wá, òun á sì sọ fún wọn pé òkú lòun wẹ̀. Kò fi ìgbéraga sọ ọ́. Ó da omi tó kù nínú búùtà ọwọ́ rẹ̀ sídìí igi, ó ní kí n bá òun kí àwọn ará ilé.

Ará ilé wo? Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé pẹ̀lú ìbínú náà nínú mi, àmọ́ nígbà tí mo fi máa ṣílẹ̀kùn, ìbínú ti lọ, ohun tó kù sílẹ̀ ló dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà yé mi. Èmi náà ní àwọn nǹkan tí mo ti rí nínú fọ́tò mọ́ṣúárì tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Òun ń pa tirẹ̀ mọ́ nítorí Ọlọ́run. Èmi ń pa tèmi mọ́ torí pé kò sẹ́ni nílé. Mo jẹ búrẹ́dì tó kù ní àárọ̀, mo wẹ̀, mo lọ sùn.

Ìjókòó kóòtù bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jókòó, ìyá náà á ti dé ṣáájú mi, á ti wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú pẹ̀lú híjáàbù funfun kan náà, tí yóò ti lọ̀ ọ́ kó dán. Kò sí ará ilé rẹ̀ kan tó bá a wá. Àwọn ọlọ́pàá ń wọlé, wọ́n ń búra, wọ́n ń sọ bí ọmọ náà ṣe bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn bára mu bíi pé ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì bá ọlọ́pàá ṣẹjọ́. Mo ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ń pè mí ní "my learned madam" pẹ̀lú ẹ̀rín, mo sì mọ̀ pé a ti ń pàdánù. Bí ilẹ̀kùn bá dún, ìyá náà á yíjú wẹ̀yìn wò ó. Mo mọ ẹni tó ń wá, mi ò kàn lè sọ fún un pé kó yéé wò.

Ní Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì mi wá fúnra rẹ̀. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní òun lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun lọ bá bàbá arúgbó tó kọ́ òun ní kéú, torí ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí òun sùn.

"Bàbá ní àbùkù òkú ni wọ́n ní ká máa bò. Ohun tí wọ́n ṣe sí i kì í ṣe àbùkù tirẹ̀. Àbùkù àwọn tó ṣe é ni."

Mo ti ń wá báírò mi kiri kí n lè kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tó nawọ́ sí mi pé kí n ní sùúrù.

"Mi ò lè sọ ọ́ níwájú ìyàwó wa, ẹ gbọ́ mi o. Èmi ni mo di aṣọ pa mọ́ ọmọ yẹn lójú kí ìyá rẹ̀ má bàa rí i. Mi ò ní tú u lójú rẹ̀ ní kóòtù. Tó bá wà níbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀."

Mo bá a jiyàn títí. Mo ní òfin fún ìyá náà láyè láti jókòó, pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀, kò ní sí ẹjọ́ kankan rárá, pé obìnrin náà ti jókòó gbọ́ gbogbo irọ́, ó wá ní kó bọ́ síta nígbà tí òótọ́ fẹ́ wọlé. Ó ń mi orí. Kò sọ pé mo jẹ̀bi, kò sì yẹ̀.

Èmi ló wá kù tí yóò sọ fún ìyá náà. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń rán etí híjáàbù kan. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ó wo abẹ́rẹ́ níbi tó dúró sí nínú aṣọ.

"Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀, òótọ́ sì ni, mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Ní òdìkejì, ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́ pe oníbàárà. Nígbà tó ṣe, ó ní ọkọ òun yìí fẹ́ràn ọmọ náà, òun ló gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Màá jókòó síta," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà fẹ́ jẹ́rìí, mo mú ìyá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi màǹgòrò nínú ọgbà kóòtù. Mo wọlé. Kí ọkùnrin náà tó fọwọ́ kan Kùránì, ó yíjú wo bẹ́ǹṣì iwájú láti rí i pé ó ṣófo. Lẹ́yìn náà ló búra, ó sì bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe wẹ òkú náà ló ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ tí adájọ́ fi ní láti ní kó sọ̀rọ̀ sókè. Mi ò ní kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Ó sọ ohun tí wọ́n fi okùn ṣe sí ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ti ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó kan ojú, ó dúró. Ó ní bí kì í bá ṣe àpá iná tó wà ní ìgúnpá ọmọ náà láti kékeré, òun ì bá sọ pé wọ́n gbé òkú ẹlòmíràn fún àwọn, torí kò sí ojú mọ́ níbẹ̀ tí èèyàn lè mọ̀.

Kò sẹ́ni tó pè mí ní madam lọ́jọ́ yẹn. Agbẹjọ́rò àwọn ọlọ́pàá dìde, ó bi í ní ìbéèrè kan tàbí méjì, ó jókòó.

Nígbà tí mo jáde, ìyá náà ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń tẹ tẹ̀sùbáà. Ọkùnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde, kò lè kọjá níwájú rẹ̀.

"Ṣé ó sọ ọ́?"

Mo ní ó sọ ọ́.

"Gbogbo rẹ̀?"

Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó mi orí, ó dìde, ó gbọn híjáàbù rẹ̀. "Ẹ má sọ ọ́ fún mi, lọ́yà mi." Mo gbà.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ náà kò bẹ́ látinú ọkọ̀ kankan, pé ọwọ́ àwọn tó mú un ló kú sí, pé kò sí ẹ̀rí olè jíjà kankan lọ́rùn rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tó lè pe àwọn tó ṣe é lẹ́jọ́. Àwọn yẹn ṣì ń gbé e yẹ̀wò títí dòní. Mo ń tẹ̀ lé e, mi ò sì tíì sinmi. Àmọ́ ohun tí ìyá náà wá bẹ̀, ó rí i gbà. Ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Kí ọdún tó yí po, aṣọ ọmọ ilé kéú ti tún kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo rò pé mi ò ní rí i mọ́. Àwọn oníbàárà mi kì í padà wá, mi ò sì bá wọn wí. Ta ló fẹ́ máa rí ojú tó ń rán an létí? Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Á gun òkè wá, á kí mi, á jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé, á máa wo ìsàlẹ̀. Kì í béèrè nǹkan kan. Màá máa ka ìwé mi lọ. Nígbà tó bá sinmi tán, á ní ó dìgbà kan ná. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo sì máa ń bínú sí ara mi pé inú mi dùn, torí mo mọ ohun tó ń mú un wá. Èmi ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀. Ó kàn fẹ́ wà nítòsí ibi tí òótọ́ náà wà.

Lọ́jọ́ kan, òjò ṣú. Ó ti dìde láti máa lọ, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó wá dúró, kò yíjú.

"Ojú rẹ̀ ńkọ́, lọ́yà mi? Ṣé ojú rẹ̀ wà bó ṣe wà?"

Látọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun kan náà ni mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọ àpótí ẹlẹ́rìí: sọ òótọ́, má fi nǹkan kan pa mọ́. Mo ti bá ọ̀gá ọlọ́pàá jà lórí rẹ̀, mo ti bá dókítà jà, mo ti bá ààfáà kan jà lábẹ́ igi. Mo dìde, mo lọ dúró tì í.

"Ojú rẹ̀ ò ní nǹkan kan, màmá. Bí ẹni tó sùn ló rí."

Ó wá yíjú, ó wò mí. Mi ò gbójú kúrò. Ó wò mí títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, lẹ́yìn náà ló tún híjáàbù rẹ̀ ṣe níwájú orí.

"Ó máa ń sùn dáadáa láti kékeré," ló wí.

Ó ní òun fẹ́ tètè délé kí òjò tó dé. Mo sìn ín dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo dúró títí ó fi sọdá. Ọkùnrin tó ń ta bátìrì ti ń kó ọjà rẹ̀ wọlé nítorí òjò. Ó wo ojú mi, ó ní ṣé kò sí nǹkan o. Mo ní kò sí.